Bí A Ṣe Lè Ra Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Láìfi Owó Ṣòfò

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń wí, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ ara wa wà. A kò sọ̀rọ̀ ọ̀kadà, a kò sì sọ̀rọ̀ Márúwá. Lóòótọ́, ọ̀kadà ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ lóde òní. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ tí ó dára kì í tò síbi tí wọ́n ti ń ta epo bẹntiróòlù.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kan nínú kíláàsì wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń gbé, kò sì jìnnà sí Ọjà Igbó. Àgbẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ru àpò èlùbọ́ láti oko wá sí ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ iwájú kó sínú kòtò. Èlùbọ́ dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kò fi òní dọ́la. Ó wo ara táyà, ó rí 26. Inú rẹ̀ dùn pé òun lè kà á, nítorí pé ní ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, kò lè kà á. Ó mú owó, ó lọ bá ẹni tí ń ta ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀.

"Ẹ fún mi ní ẹsẹ̀ iwájú, nọ́ńbà 26."

"Bàbá, 26 rèé. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó. 26 ni lóòótọ́. Wọ́n ná an títí, ó sanwó, ó gbé e kọ́ èjìká lọ sílé. Nígbà tí ó délé, ọ̀pá àárín rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ipá díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi táyà rẹ̀ sí i, táyà tóbi jù ú lọ, bí ìgbà tí ọmọdé bá dé fìlà bàbá rẹ̀. Ó tẹ búrékì, rọ́bà búrékì kò kan irin rárá. Ó tún gbé e padà sí ọjà. Ẹni tí ó tà á fún un kò bá a jà. Ó kàn na ìka sí ohun tí a kọ sára ògiri: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ. Ẹ̀gbọ́n wa ka ìyẹn náà, kò rí nǹkan wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó wá sí kíláàsì, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí n kàwé kí wọ́n má baà rẹ́ mi jẹ. Mo sì kà á o! 26 ni mo kà! Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. A kò lè sọ pé ó ṣì í kà. Ohun tí ó kà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn wà lára táyà, tí wọ́n kọ kékeré, tí òun kò kà, tí àwa náà kò sì tíì fi hàn án. Ìyẹn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

NỌ́ŃBÀ KÉKERÉ

Ẹ lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́ yín nísinsìnyí. Ẹ fi aṣọ nu ara táyà. Ẹ mú ẹfun, kí ẹ fi ra ibi tí lẹ́tà wà, kí lẹ́tà lè yọ funfun. Ẹ óò rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ẹ óò rí nọ́ńbà ńlá, bí i 26 × 1⅜. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ máa kà á lọ yípo. Níbì kan, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì tí ìlà kékeré là láàárín, báyìí:

37-590

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 37, ni ìbú táyà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀. Nọ́ńbà kejì, 590, ni ìwọ̀n òrùka irin tí etí táyà jókòó lé, láti apá kan gba àárín kọjá dé apá kejì. Mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ìlà kéékèèké tí wọ́n fún mọ́ra wọn nì, mìlímítà ni wọ́n. Mẹ́wàá wọn ni ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Nínú íńṣì kan, 25 ni, ó sì lé díẹ̀.

Nọ́ńbà kejì yìí ni kì í purọ́. Táyà 590 kì í wọ irin mìíràn àfi irin 590. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn wọ̀nyí sókè, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà ńlá ni ó ṣáájú, nọ́ńbà òótọ́ ni ó tẹ̀ lé e:

26 × 1⅜ ... 590
26 × 1.95 ... 559
28 × 1½ ... 635
27 × 1¼ ... 630
700C ... 622

Ṣé ẹ rí i? 26 méjì ni ó wà níbẹ̀, wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí a kọ ní ìdá, 26 × 1⅜, ni ti kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí irú ti ẹ̀gbọ́n wa. Èyí tí ẹyọ àmì kan (.) wà láàárín nọ́ńbà rẹ̀, 26 × 1.95, ni ti kẹ̀kẹ́ òkè, tí táyà rẹ̀ sanra tí ó sì ní gbágungbàgun. Ẹ yọ 559 kúrò nínú 590. Ó ku 31. Ẹ pín in sí méjì, ó di 15 àti ààbọ̀. Ìbú ìka ọwọ́ kan nìyẹn. Ìbú ìka kan yẹn ni rọ́bà búrékì ẹ̀gbọ́n wa fi jìnnà sí irin. Ìbú ìka kan ni ó gbé owó èlùbọ́ rẹ̀ lọ.

28 × 1½ ni ti kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí àwọn bàbá wa ń gùn, Raleigh, Rudge, Humber àti irú wọn. Àwọn kan ṣì wà lábẹ́ òrùlé ní abúlé, tí wọ́n fi aṣọ bò bí ẹrù ìyàwó. 700C ni ti kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní, 27 × 1¼ sì ni ti kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́.

Ẹnì kan nínú kíláàsì bi wá ní ìbéèrè kan tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Lára táyà 700C, wọ́n máa ń kọ 28 nígbà mìíràn. Ó ní, "Báwo ni 28 ṣe jẹ́ 622, tí 27 sì jẹ́ 630? Ṣé 27 ju 28 lọ ni?" Nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o! Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí John Boyd Dunlop ti ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ jáde ní 1888, gíga táyà láti òkè dé ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀, wọn kì í wo irin inú. Táyà tí ó sanra jókòó lórí irin kékeré, táyà tí ó tín-ín-rín jókòó lórí irin ńlá, àwọn méjèèjì sì lè ga bákan náà lóde. Nígbà tí ó yá, sísanra táyà yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Orúkọ nìkan ni ó kù, bí ọkùnrin tí a ń pè ní Kékeré tí ó ti bí ọmọ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń ṣe táyà fẹnu kò lórí nọ́ńbà mìlímítà yìí, kí ọ̀rọ̀ lè yanjú.

Lára táyà tí ó ti pẹ́ gan-an, nọ́ńbà kékeré lè má sí, tàbí kí oòrùn ti jẹ ẹ́. Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Ẹ yọ táyà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé irin lé irin. Bí etí wọn bá bá ara mu yípo, ó dára. Bí kò bá bá ara mu, ẹ máa lọ, kí wọ́n máa pè yín padà títí.

ṢÉ GBOGBO ẸSẸ̀ NI Ó BÀJẸ́?

Nígbà tí inú ẹ̀gbọ́n wa rọ̀ díẹ̀, a ní kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó tẹ̀ wá. Nǹkan mẹ́ta pàtàkì ni ó wà lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èkíní ni ríìmù, òrùka irin tí táyà jókòó lé. Èkejì ni sípóòkù, àwọn wáyà líle tí ó na jáde. Ẹ̀kẹta ni họ́ọ̀bù, èyí tí ó wà ní àárín bí ìdodo, tí ọ̀pá gba inú rẹ̀ kọjá.

A fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù. Ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A wo sípóòkù. Mẹ́rin péré ni ó tẹ̀. Ríìmù nìkan ni ó bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n wa sì ti ra odindi ẹsẹ̀! Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹni tí eyín kan ń dùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló lọ rà."

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibí yìí ni owó wà.

Bí họ́ọ̀bù bá ń rin bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù kíá. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ ni ó ti jẹ. Bọ́ọ̀lù wọ̀nyí kò wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ¼ íńṣì ni wọ́n ń lò. Nínú ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù iwájú, 3/16 íńṣì ni. Ẹ mú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání, kí ẹ fi ra irú rẹ̀. Ẹ fọ inú họ́ọ̀bù, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Ṣùgbọ́n bí ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí lé bá ti jìn kòtòkòtò, gíríìsì kò lè wò ó sàn.

Bí ó bá jẹ́ sípóòkù ni ó gé, ẹ gbé ọ̀kan tí kò tẹ̀ dání láti fi wọn gígùn rẹ̀. Èyí tí ó fi mìlímítà díẹ̀ gùn jù lè gún túúbù. Èyí tí ó kúrú jù kò ní í dé ibi tí a ti ń lọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ ríìmù ni, ẹ ka ihò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. A tún wí i: ẹ kà á. Ihò ríìmù àti ihò họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àtijọ́ sábà máa ń ní sípóòkù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ láti ilẹ̀ mìíràn ní 36 níwájú, 36 lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ra ríìmù oního 36 fún họ́ọ̀bù oního 32 ti ra ohun tí yóò fi gbá lọ ní títì bí ọmọdé.

Ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsù. Ẹ kọ iye tí wọ́n ń ta odindi ẹsẹ̀ sí apá òsì. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ owó ríìmù, owó sípóòkù, àti owó iṣẹ́ ẹni tí yóò hun ún, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Owó ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà a kò ní í kọ iye kankan síbí. Ẹ̀yin ni ẹ óò kọ ọ́. Nígbà mìíràn apá ọ̀tún ni yóò kéré. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá rí tòkunbọ̀ tí ó le, apá òsì ni yóò kéré. Ẹ má gbọ́ ti ẹnu ẹlòmíràn, ẹ ro ó fúnra yín.

BÍ A ṢE Ń YẸ TÒKUNBỌ̀ WÒ

Tòkunbọ̀ dára, a kò ní kí ẹ má rà á. Ríìmù tí ó ti lò ní ìlú òyìnbó lè le ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín.

Ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹnì kejì yí i. Kí ó mú bírò sún mọ́ etí ríìmù láìkàn án. Bí ríìmù bá ń sún mọ́ bírò tí ó tún ń jìnnà sí i, ó ti wọ́. Wíwọ́ díẹ̀ ṣeé tò. Èyí tí ó bá fò sókè lójú kan ti gbá òkúta rí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gìtá. Àwọn tí ó wà ní apá kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó ní jíà púpọ̀, apá jíà máa ń dún kíkan ju apá kejì lọ, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dún kúrukùru láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dẹ̀. Bí orí sípóòkù bá ti dípẹtà dé ibi pé kò ṣeé lọ́ mọ́, kò sí ẹni tí yóò lè tò ó fún yín.

Ẹ wo ìdí ihò sípóòkù dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà sísán tín-ín-rín níbẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, ẹ má rà á. Ẹ tún gbé rúlà lé ẹ̀gbẹ́ ríìmù, níbi tí rọ́bà búrékì ń fọwọ́ kàn. Bí ó bá ti jẹ wọnú bí abọ́, ó ti gbó. Ríìmù bẹ́ẹ̀ lè là lójijì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le nínú táyà, ó sì lè jẹ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ búrékì tún kan yíyan ríìmù. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí ó ń fi ọ̀pá irin fa búrékì, inú ríìmù ni rọ́bà rẹ̀ ń tẹ̀, láti ìsàlẹ̀ sókè. Àwọn yòókù ń fún ríìmù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ríìmù ti èkíní kò ní ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ tí ti èkejì lè dì mú. Ẹ má pàrọ̀ wọn fún ara wọn.

Ṣé irin ni kí a rà, tàbí alumíníọ̀mù? Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ti bàjẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ríìmù, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni. Irin wúwo, ó ń dípẹtà, bí òjò bá sì nà án, búrékì kì í mú un dáadáa. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, búrékì sì ń mú un nínú òjò. Bí owó yín bá ká a, tí ríìmù náà bá nípọn, alumíníọ̀mù ni àwa yóò yàn. Ẹni tí ń fi ọ̀pá fa búrékì, kí ó dúró ti irin rẹ̀, kí ó sì máa rọra nínú òjò.

ẸSẸ̀ KẸ̀KẸ́ ERÉ ÌJE

Ẹ̀gbọ́n wa ní ọmọ àbúrò kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀ ni ọmọ náà ń gùn, táyà tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọ́dọrọ́ bí ìwo àgbò. Sípóòkù ẹ̀yìn rẹ̀ ń gé lemọ́lemọ́. Ó ti rí ẹsẹ̀ kan nínú fóònù, sípóòkù 20 péré, ó sì fẹ́ rà á níwájú àti lẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ àgbà yìí, tí nọ́ńbà ti kọ́ lọ́gbọ́n, ní, "Kà á fún mi ná. Nọ́ńbà kékeré rẹ̀ ńkọ́?"

"622 ni, Bàbá."

"Ó dára. Àárín irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ ńkọ́, níbi tí họ́ọ̀bù ń wọ̀?"

Ọmọ náà kò mọ̀. Wọ́n yọ ẹsẹ̀, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n láti inú irin kan dé inú irin kejì. 130 ni. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́, tí jíà ẹ̀yìn wọn jẹ́ 6 tàbí 7, 126 ni ẹ óò rí. Nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, 130 ni. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè, 135 ni. Ẹ má fi ipá fẹ̀ ẹ́, pàápàá bí ara kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù kì í tẹ̀ bí irin. Sísán ni ó ń sán.

Ẹ tún wo bí jíà ṣe so mọ́ họ́ọ̀bù. Irú kan wà tí odindi fíríwíìlì ń lọ́ mọ́ họ́ọ̀bù bí ìdérí ìgò. Irú kejì wà tí jíà ń wọ ara họ́ọ̀bù, tí a sì fi òrùka kan há a mọ́ lókè. Èkíní kì í gba jíà èkejì. Bí jíà yín bá ṣì dára tí ẹ kò fẹ́ ra òmíràn, irú họ́ọ̀bù tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sípóòkù 20. A kò fẹ́ ẹ fún ojú ọ̀nà wa. Bí ọ̀kan bá gé nínú 36, ríìmù yóò wọ́ díẹ̀, ẹ óò sì lè rọra gùn ún délé. Bí ọ̀kan bá gé nínú 20, ríìmù lè wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò máa ha búrékì tàbí irin ara kẹ̀kẹ́, ẹ óò sì máa tì í lábẹ́ oòrùn. Níbo ni ẹ óò sì ti rí irú sípóòkù bẹ́ẹ̀ rà? 32 tàbí 36, tí ó hun ara wọn kọjá, ni a yàn.

A sọ fún ọmọ náà pé kí ó fi owó ẹsẹ̀ méjì ra ẹsẹ̀ kan tí ó dára, kí ó sì jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ìwúwo pọ̀ sí, ẹ̀yìn ni ṣéènì ń fà, ẹ̀yìn ni sípóòkù sì sábà máa ń gé. Ti iwájú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó fi ìyókù owó ra táyà tí ó fẹ̀ díẹ̀, 28-622 dípò 23-622, lẹ́yìn tí a rí i pé àyè gbà á láàárín irin àti lábẹ́ búrékì. Kòtò tí ń ṣẹ́ ríìmù táyà tín-ín-rín kì í rí táyà tí ó fẹ̀ gbé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ra ríìmù 590 oního 32. Wọ́n hun ún mọ́ họ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó gbé e padà fún títò, nítorí pé sípóòkù tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ gùn ún. Ó ti ń ru èlùbọ́ rẹ̀ padà.

Ẹsẹ̀ tí ó ṣì rà ńkọ́? Ó fi ẹfun kọ 559 sára rẹ̀ gàdàgbà, ó gbé e kọ́ iwájú ilé. Ọmọkùnrin kan tí ó ní kẹ̀kẹ́ òkè ń kọjá lọ, ó dúró.

"Bàbá, ẹ kú ilé. Ṣé 26 nìyẹn? Mo fẹ́ rà á."

"Lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wá ná," ni ẹ̀gbọ́n wa wí, "kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ kà á."

Ọmọ náà gbé e wá. Wọ́n nu táyà, wọ́n fi ẹfun ra á, wọ́n kà á yípo: 50-559. Wọ́n ná an. Ẹ̀gbọ́n wa kò rí gbogbo owó rẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.